Ilé Onígi Létí Ọ̀sà: Ẹsẹ̀ Ilé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Náwó Lé

Àwọn oníbàárà mi ní Bàrígà máa ń gbé fóònù wá, wọ́n á fi àwòrán ilé onígi óákù kan hàn mí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: òpó gìrìwò, kò sí ìṣó kan lójú. "Bọ̀dá káfíńtà, irú èyí ni mo fẹ́ létí ọ̀sà." Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ má wá óákù lọ. Igi èkì àti igi òpèpè wà nílé wa, àwọn òyìnbó gan-an ń rà wọ́n lọ fi ṣe èbúté.

Ẹ kọ́kọ́ gbàwé. LASPPPA, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ló ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé l'Ékòó, etí omi sì tún ní ilé iṣẹ́ ìjọba tirẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ máa kọ́ ọ ná, kì í ṣe ilé tiẹ̀ ni katakátá máa wó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Iyanrìn tí wọ́n kó dí i lè le lójú, kí ẹrọ̀fọ̀ dúdú àti koríko jíjẹrà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí enjiníà gbẹ́ ihò wò, kó sọ ibi tí òpó máa dé. Ẹ má fi oṣù kejì ọdún díwọ̀n omi o! Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí omi dé ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tí òjò ti rọ̀ tẹ́rùn. Orí àmì yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíga ilé, kí ẹ sì tún fi àyè sílẹ̀ lókè rẹ̀.

Ibi tí owó yẹ kó lọ rèé. Igi tó wà nínú omi tọ̀sán-tòru kì í tètè jẹrà, èyí tó wà lókè gbígbẹ náà ń pẹ́. Àárín, níbi tí omi ti ń kún tó sì ń fà, níbi tí igi ti ń rin tó tún ń gbẹ, ibẹ̀ ló ti ń kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ bá wọ ọ̀sà, kòkòrò kan tún wà tó ń dá igi lu látinú. Ó jọ ekòló, ṣùgbọ́n ìbátan ìṣáwùrú ni. Lójú tèmi, kọnkéré ni kó jáde látinú ilẹ̀ kọjá àmì omi yẹn, kí igi tó bẹ̀rẹ̀. Kí kọnkéré bo irin inú rẹ̀ dáadáa, torí omi iyọ̀ máa ń jẹ irin títí kọnkéré á fi là. Tẹ́ ẹ bá ta kú pé igi lẹ fẹ́ nínú omi, èkì ni o. Ẹ má sì fi ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù kùn ún, ẹja làwọn ará ibẹ̀ ń pa jẹ.

Ìjọba ti ní kí àwọn sọ́míìlì Òkóbàbà, níbi tí a ti máa ń ra igi, kó lọ sí Agbówà, ẹ múra owó ọkọ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Èkì pọ́n gan-an, tẹ́ ẹ bá gé orí rẹ̀ tuntun, ẹ̀ẹ́ rí àmì funfun tó-tò-tó nínú ihò ara rẹ̀. Ẹ ju ègé kan sínú garawa omi: tó bá léfòó, kì í ṣe èkì, ẹ máa lọ. Fún férémù òkè, òpèpè tàbí ìrókò ni mo máa ń lò, torí èkì ń pa ṣísẹ́lì, ó sì wúwo jù. Ẹ bo imú tẹ́ ẹ bá ń la ìrókò.

Ihò àti ahọ́n la fi ń so igi férémù pọ̀. A ó dá ihò sára òpó, ahọ́n igi kejì á wọ̀ ọ́, a ó wá lu èèkàn igi gbígbẹ kọjá. Àṣírí ibẹ̀ ni pé ihò èèkàn tó wà lára ahọ́n gbọ́dọ̀ sún mọ́ èjìká rẹ̀ (ibi tí ahọ́n ti yọ lára igi) díẹ̀ ju ti ara òpó lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì. Bí èèkàn ṣe ń wọlé, á máa fa igi méjèèjì mọ́ra títí ojú abẹ ò fi ní ráàyè láàárín wọn. Níbi tó bá gba bóòtù, sítéńlẹ́ẹ̀sì nìkan ni kí ẹ rà.

Igi tútù la fi ń kọ́ ọ, torí náà ó máa sún kì. Tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá fẹ́ tán, ẹ pe káfíńtà yín padà kó wá yí gbogbo bóòtù le, kó sì tún lu èèkàn tó bá ti tú.