Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Táyà: Ẹ Tún Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ṣe Kí Ẹ Tó Gbé E Lọ fún Aláínímẹ́ǹtì

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ìdílé tó ní ọkọ̀ ẹrù ní agbègbè Kàbà, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Táyà iwájú kan tó bẹ́ lójú ọ̀nà Ọbájànà ló fa ìwé yìí. Píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ni, iṣu ni wọ́n kó, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń lọ. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọ kòtò, iṣu fọ́, ọjà sì kọjá lórí wọn. Táyà yẹn ò tíì pẹ́ tí wọ́n rà á. Ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ dé wáyà, ẹ̀gbẹ́ òde sì ṣì nípọn. Awakọ̀ ní àwọn ti ṣe aláínímẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí ó lè dúró déédéé. Kò purọ́, wọ́n ṣe é. Àmọ́ orí tai-rọ́ọ̀dù tó ti ń mì ni wọ́n ṣe é lé, ìyẹn ọ̀pá irin tó so sítíárì mọ́ táyà.

Ẹ mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà, ẹ mọ bí a ṣe ń gbé jáàkì. A ò ní dá yín dúró lórí ìyẹn. Ohun tí à ń rí léraléra ni pé táyà jẹ, ẹgbẹ́ ra òmíràn. Ó tún jẹ, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ fún aláínímẹ́ǹtì. Ó tún jẹ, wọ́n ní ẹ̀rọ oníaláínímẹ́ǹtì ni kò dáa. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn àwọn irin abẹ́ ọkọ̀ tó di táyà mú.

Ohun tí wọ́n ń tò gan-an

Aláínímẹ́ǹtì ni pé kí wọ́n to táyà ọkọ̀ sí ìdúró tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fẹ́. Ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n ń wò. Èkíní ni tóò. Ẹ fojú inú wo táyà iwájú méjèèjì láti òkè: bí etí iwájú wọn bá sún mọ́ra ju etí ẹ̀yìn lọ, wọ́n ti wọlé, bí etí iwájú bá jìnnà síra jù, wọ́n ti ṣí síta. Èyí ló ń jẹ táyà jù. Ká ní táyà yín ga ní sẹ̀ǹtímítà 65, tí tóò sì fi mílímítà 10 yẹ̀. Nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá rìn, ilẹ̀ ti wọ́ táyà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ fún mítà 7 ó lé díẹ̀. Ẹ wá ka kìlómítà tó wà láti oko yín dé ọjà.

Èkejì ni káńbà: bóyá orí táyà tẹ̀ sínú tàbí ó tẹ̀ sóde. Ó máa ń jẹ etí kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni kásítà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ táyà, ṣùgbọ́n bí ó bá yẹ̀, sítíárì kì í padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, ọkọ̀ sì lè máa fà sí apá kan.

Bí sítíárì bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbà tí ọkọ̀ bá dé 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí, tí kì í sì í gbọ̀n nígbà tó bá rọra ń lọ, báláǹsì ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn léèdì kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rímù. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ má sanwó aláínímẹ́ǹtì fún un.

Ẹ ka táyà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ẹ kọ́kọ́ fojú wò ó bóyá wáyà ti yọ síta, nítorí wáyà táyà máa ń ya ọwọ́. Bí kò bá sí wáyà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú bọ̀ sóde, kí ẹ tún rà á padà. Bí ó bá ń dán ní lílọ, tó sì ń họ ọwọ́ ní àbọ̀, tóò ni. Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ, káńbà tàbí tóò. Bí àárín bá jẹ, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín sì ga, afẹ́fẹ́ kéré jù, aláínímẹ́ǹtì ò sì kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí ó bá jẹ ní kòtò-kòtò yí ká, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì (ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀) àti báláǹsì.

Bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà méjèèjì lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀ láìtẹ búréèkì púpọ̀, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ, búréèkì rẹ̀ ló ń há.

Ẹsẹ̀ kọ́kọ́

A ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ibí yìí ni owó ń bá lọ. Aláínímẹ́ǹtì kì í tún nǹkan ṣe. Títò ló ń tò. Bí tai-rọ́ọ̀dù bá ń mì, ohun tí ẹ̀rọ kà nígbà tí ọkọ̀ dúró kọ́ ni táyà máa ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ta ní ń to ilẹ̀kùn sórí férémù tó ti jẹrà? Ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín lè jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, ìyẹn pé gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ pé. Gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí tírélà sìmẹ́ǹtì gbẹ́ sílẹ̀ ló máa dà á nù.

Ìdí mìíràn tún wà fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìgbèríko. Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbé ọkọ̀ dé Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin kí ẹ tó rí ẹ̀rọ tó péye. Bí ẹ bá débẹ̀ tí wọ́n sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì (oríkèé irin tó wà lẹ́yìn táyà) ti kú, epo lílọ àti àbọ̀ ti ṣòfò, tàbí kí ẹ ra pátì lówó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé ẹ ò ní ibòmíràn láti lọ.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ títẹ́ tó le ni kí ọkọ̀ wà. Ẹ fa hánbúréèkì, kí ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ gbé iwájú sókè títí táyà á fi kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, kí ẹ sì fi ìtì igi tó nípọn tàbí ìdúró irin gbé e ró. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé. Ẹni tó bá ṣe é torí pé iṣẹ́ kékeré ni, òun ló mọ ohun tó ń wá.

Ẹ di táyà mú ní ọ̀tún àti òsì, níbi tí aago 3 àti aago 9 máa ń wà, kí ẹ mì í. Kí ẹnì kejì dúró síta, kó máa wo orí tai-rọ́ọ̀dù. Bí orí náà bá ń ṣí sókè-sódò, tàbí tó ń dún kò-kò, ó ti tán. Ẹ wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ní aago 12 àti aago 6, kí ẹ tún mì í. Bí ó bá mì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ mì í lẹ́ẹ̀kejì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí táyà yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá dúró, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni kí ẹ fura sí, kí ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi irin gbé e wò.

Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí táyà dojú kọ iwájú. Ẹ rọra yí sítíárì. Bí etí sítíárì bá rìn ju mílímítà 30 lọ kí táyà tó dáhùn, nǹkan kan ti jẹ níbì kan. Ẹ wo bọ́ṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín àwọn irin ẹsẹ̀ ọkọ̀, bóyá ó ti ya. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì bóyá ó ń da ọ́ìlì.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń lo sípíríńgì pẹlẹbẹ lẹ́yìn, ẹ fetí sí èyí, nítorí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹ wọn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ wọn ti òsì. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńtà-bọ́ọ̀tì (bọ́ọ̀tì tó gba àárín sípíríńgì náà kọjá) ti já, kí àsù ẹ̀yìn, ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, sì ti sún kúrò láyè rẹ̀. Iwájú tí ẹ bá tò nígbà náà, asán ni.

Ohun tó bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páànù há bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó tai-rọ́ọ̀dù pọ̀. A mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, a sì mọ̀ pé ó dínwó. Ẹni tó gbà kí wọ́n ṣe é, kó jókòó síwájú lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó kajú.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e lọ

Ẹ já ẹrù kalẹ̀. Ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀rọ, ti ọkọ̀ òfìfo ni, àyàfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ fọ ẹrẹ̀ inú rímù. Kí táyà méjì tó wà lórí àsù kan jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀, kí táyà tó gbóná, kí ẹ sì tẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà lára táyà: ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ yín fẹ́.

Ẹ má jókòó sí ìsọ̀ ọlọ́tí dè é. Ẹ dúró tì í. Wọ́n á so ojú ẹ̀rọ mọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á ti ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ̀rọ lè yọ àléébù rímù kúrò, wọ́n á sì dè sítíárì mọ́ àárín. Ẹ rí i pé irú ọkọ̀ yín àti ọdún rẹ̀ gan-an ni wọ́n yàn nínú ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé jáde kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹ̀yìn bá ṣeé tò, ẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ tò. Lẹ́yìn náà, kásítà àti káńbà iwájú. Tóò ló kẹ́yìn, torí pé bí wọ́n bá yí káńbà, tóò yóò yí pẹ̀lú. Kí wọ́n yí tai-rọ́ọ̀dù ọ̀tún àti òsì bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sítíárì á wọ́. Kí wọ́n sì fi sípánà fún nọ́ọ̀tì tó dè é le. A ti rí èyí tí wọ́n fọwọ́ lásán dè. Kò dé ilé tó fi tú.

Ẹ gba ìwé kejì, kí ẹ fi méjèèjì sínú fáìlì ẹgbẹ́. Oníṣẹ́ tí kò fẹ́ fún yín níwèé, ẹ kó ọkọ̀ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ lè fi tépù wọn tóò fúnra yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti yẹ̀ jìnnà. Ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà kan sí àárín ojú táyà iwájú méjèèjì, ní ẹ̀yìn wọn, kó ga dé ibi àárín rímù. Ẹ wọn láti ìlà kan sí ìkejì. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú ní ìdajì yíyí táyà, kí ìlà kan náà bọ́ síwájú, kí ẹ tún wọn. Ẹ yọ ti iwájú kúrò nínú ti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń fẹ́ kí ó wà láàárín òdo sí mílímítà 3, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ yín ló ni ọ̀rọ̀. Tépù ò lè sọ káńbà àti kásítà fún yín.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣe aláínímẹ́ǹtì

Ọkọ̀ tó ń wọ ọ̀nà oko, tó ń gun kùkùté, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà tàbí kìlómítà 10,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ tai-rọ́ọ̀dù tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. Bí gálọ́ọ̀pù bá tẹ rímù. Àti ní ọjọ́ kan náà tí ẹ bá ra táyà tuntun, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti jẹ. Àwọn akápò ló ń dá èyí dúró: wọ́n á fọwọ́ sí owó táyà méjì láì jiyàn, wọ́n á wá máa béèrè ohun tí aláínímẹ́ǹtì wà fún.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì tó fi lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀ lára táyà. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024. Tòkunbọ̀ tó ń dán lè ti pẹ́ ju ọmọ yín lọ. Táyà tí ojú rẹ̀ bá ti kù sí mílímítà 1.6 ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ti ẹrù ńkọ́? Bí píkọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti gbé ẹrù kílò 1,000, tí àpò kan sì wọn kílò 80, àpò 12 ni òpin, ìyẹn kí awakọ̀ àti àwọn tó jókòó tì í tó wọlé. À ń rí àpò 20.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú táyà tí wọ́n sì dè é padà, ẹ rin kìlómítà 80, kí ẹ dúró, kí ẹ tún fi sípánà fún nọ́ọ̀tì táyà kọ̀ọ̀kan le, láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i, kì í ṣe yípo.