Adójútòfò fún Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sùn Nínú Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Èkìtì

Òjò àkọ́rọ̀ tó kọjá ṣí òrùlé púpọ̀ lágbègbè wa, ṣùgbọ́n ohun tó mú wa kọ ìwé yìí ni ti àwọn onílé tó ti san owó adójútòfò pé, tí iléeṣẹ́ sì kọ̀ láti san kọ́bọ̀ fún wọn. A kò ní í kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń kan páànù. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń rí léraléra la fẹ́ bá yín sọ: ẹ kì í sọ fún iléeṣẹ́ pé ilé ti ṣófo.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò, ilé tí ẹnikẹ́ni kò sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 30 léraléra ti di ilé òfìfo, ìbáà jẹ́ pé àga, bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣàn wà níbẹ̀ digbí. Ọmọ àdúgbò tó ń wá gbálẹ̀ ní Sátidé kò sọ ọ́ di ilé tí ènìyàn ń gbé.

Ìyá kan níhà Ìkọ̀lé lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Èkó. Oṣù kan ló ní òun máa lò, ọ̀sẹ̀ 11 ló lò. Ìjì ká páànù ẹ̀yìn ilé, òjò sì rin sílìn títí ó fi já lu bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí aṣojú iléeṣẹ́ dé, kàlẹ́ńdà ara ògiri ló kọ́kọ́ wò: oṣù tí ìyá jáde nílé ni wọ́n ṣí i sí síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìyá òun ló ń gbé ilé náà, òótọ́ sì ni lọ́jọ́ tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún iléeṣẹ́ nígbà tí ilé ṣófo.

Nítorí náà, kí ọjọ́ 30 tó pé, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ (ẹ má ṣe fi ìpè fóònù ṣe é), kí ẹ sọ ọjọ́ tí ilé ṣófo, ìgbà tí ẹ retí pé ènìyàn yóò padà, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba èsì wọn lórí ìwé. Wọ́n lè ní kí ẹ fi owó kún owó adójútòfò tí ẹ ń san, tàbí kí wọ́n dín ààbò kù sí iná, àrá àti ìbúgbàù nìkan. Ẹ bi wọ́n ní pàtó nípa ìjì àti olè, nítorí ìjì ló ń ṣe wá jù níbí.

Wọn yóò sábà ní kí ẹnìkan máa yẹ ilé wò ní ọjọ́ 7-7, kí ó kọ déètì àti aago sínú ìwé, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ má fi báírò kan náà kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pọ̀ lọ́jọ́ kan; ojú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò fọ́. Ẹ ti omi láti orí táǹkì, ẹ pa iná láti ìdí mítà, ẹ gbé gáàsì jáde, kí ẹ sì ro mítà 6 yí ilé ká kí ọyẹ́ tó dé, nítorí iná ìgbẹ́ kì í bi onílé kí ó tó wọlé.

Ẹ kọ iye tí yóò ná yín láti tún ilé kọ́, láìka ilẹ̀ mọ́ ọn. Bí ilé bá tó ₦20 mílíọ̀nù tí ẹ kọ ₦10 mílíọ̀nù kí owó ọdọọdún lè kéré, tí òfò ₦4 mílíọ̀nù sì ṣẹlẹ̀, ₦2 mílíọ̀nù ni wọn yóò san, nítorí ìdajì iye ilé lẹ kọ. Ikán àti páànù tó dógùn-ún kò sí nínú ohun tí adójútòfò ń san rárá. Òfin Nàìjíríà sì ni pé kò sí adójútòfò níbi tí a kò tíì san owó. Ìlérí pé ẹ ó san án bí ẹ bá ta kòkó kò ká ohunkóhun.

Lọ́jọ́ tí ìyá bá padà sùn sílé, ẹ kọ lẹ́tà kejì, kí wọ́n lè dá ààbò tí wọ́n yọ padà.