Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Fídíò Kámẹ́rà Ṣọ́ọ̀bù Kó Lè Pẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló rò pé gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá ti rí ti wà nínú ẹ̀rọ títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí háàdì dísìkì bá ti kún, DVR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba fídíò kámẹ́rà pamọ́, á máa kọ tuntun lé èyí tó pẹ́ jù lórí, kò sì ní í bi ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ìṣirò ló ṣáájú. Kámẹ́rà tó ń kọ mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan) ń gba àyè gígábáìtì 21.6 lójúmọ́, mẹ́rin á gba 86.4. Dísìkì tẹ́rábáìtì 1 (gígábáìtì 1,000) kò lè gbé e dé ọjọ́ 12, ṣùgbọ́n tẹ́rábáìtì 4 á kọjá oṣù kan. Oníṣòwò aṣọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn Ojúde Ọba ló ń ka ọjà kò gbọdọ̀ ní ohun tó dín sí ọgbọ̀n ọjọ́, torí pé aṣọ tó bá sọnù ṣáájú Iléyá lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó hàn. Bí ẹ̀rọ yín bá ní H.265, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré, ẹ yàn án dípò H.264 tó ṣáájú rẹ̀, ó lè dín àyè náà kù dé bí ìdajì.

Ẹ ra dísìkì tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà, irú WD Purple tàbí Seagate SkyHawk, tó lè kọ tọ̀sán tòru. Ẹ so DVR mọ́ íńfátà, kí ẹ sì máa yẹ aago rẹ̀ wò. Iná lọ fún ọjọ́ méjì nígbà kan, bátìrì kékeré tó ń mú aago inú DVR tèmi ṣiṣẹ́ sì ti kú; inú ọdún 2000 ni mo ti lọ bá fídíò ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń wá kiri.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ da fídíò rẹ̀ kọ sórí dísìkì mìíràn, pẹ̀lú ètò tó ń ṣí i bí DVR bá ní tirẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ̀dà kejì kò gbọdọ̀ sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gé e, ẹ má tún un ṣe. Ẹ kọ ọjọ́, aago, kámẹ́rà àti orúkọ ẹni tó dà á kọ sínú ìwé, nítorí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní ohun tó ń béèrè kí ilé ẹjọ́ tó gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde.

Èyí tí kò ní ẹjọ́ nínú, ẹ jẹ́ kí DVR pa á rẹ́. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ so dísìkì tí ẹ tọ́jú mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí fídíò inú rẹ̀ wò dé òpin.