Bí A Ṣe Lè Fi Alágbàṣe Ṣe Gàrí Ìjẹ̀bú Láì Jẹ́ Kí Ojúlówó Rẹ̀ Bàjẹ́

Ohun mẹ́ta ni àwọn oníbàárà fi ń dá gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ lọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde: ó kan, ó kúnná, ó sì gbẹ táútáú. Gbágùúdá kì í gbé ọ̀kankan nínú wọn bọ̀ láti oko. Kíkan rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ka ọjọ́ fún àpò, kíkúnná rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ̀ ọ́ àti ẹni tó ń sẹ́ ẹ, gbígbẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti agbada. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ṣe gàrí, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Òde Rẹ́mọ, àwọn tí a kà sílẹ̀ yìí kì í gba owó oṣù. Alágbàṣe ni wọ́n, tí wọ́n ń gba owó apẹ̀rẹ̀, owó àpò tàbí owó ojúmọ́, tí wọ́n sì lè wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tó ni irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò ká owó oṣù gbogbo wọn, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, kí gàrí tó ṣe lọ́jọ́ Ajé àti èyí tó ṣe lọ́jọ́ Ẹtì lè dọ́gba.

Àwọn kan máa ń sọ pé àlejò kò lè ṣe gàrí Ìjẹ̀bú, pé Ègùn tàbí Ẹ̀bìrà tó fọwọ́ kàn án ló bà á jẹ́. N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ọ̀nà tí a ń gbà sanwó àti bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ló ń ba gàrí jẹ́. Ẹni tí a ń ka apẹ̀rẹ̀ sanwó fún, ìyára la ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyára náà ni yóò sì tà fún wa. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá a óò pè é lọ́la kò rí ìdí tó fi yẹ kó fara balẹ̀ kọ́ ohun tí yóò wúlò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó sì burú jù ni pé àṣìṣe inú gàrí kì í hàn lójú ẹsẹ̀: èyí tí a kò yan gbẹ lè dára lójú lọ́jọ́ tí a tà á, kó tó wá bu nínú àpò ẹni tó rà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ẹni tó yan án ti gba owó rẹ̀, tó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni síṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. Apá kan ni iṣẹ́ tí ojú lè rí àbùkù rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: bíbẹ, fífọ̀, gbígbé àti sísẹ́. Apá kejì ni iṣẹ́ tí àbùkù rẹ̀ ń fara pamọ́: kíka ọjọ́ tí gbágùúdá lílọ̀ yóò lò kó tó kan, fífi jáàkì fún omi inú rẹ̀ jáde, àti yíyan. Alágbàṣe lè ṣe apá kìíní tọkàntọkàn bí a bá ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Apá kejì ni kí ẹ fi sọ́wọ́ àwọn tó máa dúró, ìbáà ṣe ènìyàn méjì péré. Bí owó yín kò bá sì tó ju ti ẹnì kan lọ, ẹ fi ẹni náà ṣe alábòójútó ìdí agbada, kí ẹ̀yin fúnra yín máa ka ọjọ́ àpò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí kíka ọjọ́ yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Gbágùúdá tí a fi ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú sábà máa ń lo ọjọ́ 3 sí 5 nínú àpò lẹ́yìn tí a bá ti lọ̀ ọ́, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín ìgbà náà ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di kíkan. Kì í sì í ṣe adùn nìkan ló wà níbẹ̀. Gbágùúdá ní èròjà kan nínú tó ń tú májèlé kan tó ń jẹ́ sáyánáìdì sílẹ̀ nígbà tí a bá lọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó fi wà nínú àpò, omi tí a fún kúrò àti iná agbada ni wọ́n jọ ń lé májèlé náà jáde. Codex, ìgbìmọ̀ tó ń gbé òṣùwọ̀n oúnjẹ kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, sọ pé kíkan gàrí gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.6 àti 1 nínú ọgọ́rùn-ún, pé omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àti pé májèlé yẹn kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan. Ẹ wá wo ọ̀dọ́kùnrin tó ń gba owó lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá fún: bó bá di ọ̀sán Sátidé, tó sì fẹ́ gba owó rẹ̀ kó tó lọ sílé, àpò ọjọ́ kejì àti àpò ọjọ́ kẹrin kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. A kò lè dá a lẹ́bi, torí kò sí ohun tó kọ sára àpò. Ẹ fi okùn aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ di àpò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí a lọ̀ ọ́ sí i lára, kí ẹ sì sọ ọ́ dòfin pé ẹnì kan ṣoṣo ló láṣẹ láti sọ pé, "Ó yá, ẹ lọ fún àwọn olókùn pupa." Kí ẹni yẹn sì má ṣe jẹ́ ẹni tó ń gba owó àpò.

Ní ti àwọn tó ń bẹ gbágùúdá, ẹni tó ń kánjú máa ń ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Ó lè gé èèpo nípọn, kí gbágùúdá tí ẹ fowó rà bá èèpo lọ sí ààtàn. Ó sì lè fi èèpo sílẹ̀ lára rẹ̀, kí ìdọ̀tí dúdú wẹ́wẹ́ máa yọ nínú gàrí. Èèpo náà sì ní májèlé ju ara gbágùúdá fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe sanwó fún apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bẹ. Ẹ sanwó fún apẹ̀rẹ̀ tí ẹ yẹ̀ wò tí ẹ sì gbà wọlé. Kí olúkúlùkù ní àmì tirẹ̀ lára apẹ̀rẹ̀, kí ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tápólì kó tó bọ́ sínú omi, kí ẹ ṣa èyí tí èèpo wà lára rẹ̀ àti ìdí tó ti di igi sẹ́yìn, kí ẹni tó bẹ ẹ tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ẹni méjì ní gbágùúdá tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wọn èèpo tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó jọ; ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu.

Lórí ìjìyà, mo ní èrò tèmi. Gígé owó alágbàṣe nítorí àbùkù máa ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fi àbùkù pamọ́: èyí tí kò dára yóò wà ní ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, èyí tó mọ́ yóò wà lókè. Owó ìmóríyá kékeré ní ìparí ọ̀sẹ̀, fún ẹni tí a kò dá apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ń fún un ní ìdí láti padà wá lọ́jọ́ Ajé, èyí tó jẹ́ ìdajì ohun tí a ń wá.

Àìsí òṣìṣẹ́ lásìkò náà ń ba gàrí jẹ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, oko máa ń fa àwọn alágbàṣe lọ. Bí Iléyá bá sún mọ́lé, tí Ojúde Ọba sì máa wáyé lọ́jọ́ kẹta rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ kì í wá síṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Gbágùúdá tí a ti wà jáde nínú ilẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ni inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú. Àmọ́ èyí tó ṣì wà nínú ilẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tó ti gbó. Nítorí náà, iye ọwọ́ tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ fi pinnu iye gbágùúdá tí ẹ máa wà, kì í ṣe iye tí ọkọ̀ lè kó. Ẹ bi àwọn abẹgbágùúdá ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bóyá wọ́n ń bọ̀, kí ẹ tó fóònù sí oko. Ilé iṣẹ́ tó bá wa gbágùúdá kún ọkọ̀ kan, tó wá ń sáré kó ẹnikẹ́ni tó bá rí lójú títì wọlé láti bá a bẹ ẹ, ti ba gàrí rẹ̀ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí agbada ni ìṣòro tó le jù. Bí ẹ bá ń sanwó lórí iye ìgbà tí wọ́n kó gàrí kúrò nínú agbada, wọn yóò máa kó o kí ó tó gbẹ, tàbí kí wọ́n fi igi kún iná, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, kí inú rẹ̀ sì ṣì tutù. Owó ojúmọ́ ni kí ẹ fi sí ìdí agbada, kí ẹ sì fún ẹni tó ń yan án ní ohun tó lè fi dá iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ìgò mẹ́ta tó ní ìdérí máa ń ṣiṣẹ́ gan-an: ọ̀kan ní gàrí tó gbẹ dáadáa, èkejì ní èyí tí a tètè kó, ẹ̀kẹta ní èyí tó jóná. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá yóò lóye ìgò mẹ́ta náà láàárín ìṣẹ́jú kan, tó bá ti fọwọ́ tẹ èyí tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé agbada rárá, ẹ di èyí tí a fún lọ́wọ́: ó yẹ kó dúró bí ẹ ṣe dì í, kó sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, láì jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ tutù. Èyí tó tutù jù yóò di kókó lórí iná, kò sì sí ọgbọ́n tí ayan-gàrí lè ta sí i mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé ó gbẹ, ẹ mú gíráàmù 100 nínú gàrí ọjọ́ náà, ẹ gbé e sínú ààrò oníná mànàmáná tí ooru rẹ̀ jẹ́ 105°C, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dínkù mọ́. Bó bá pàdánù ju gíráàmù 12 lọ, omi inú rẹ̀ ti kọjá ààlà. Ẹni tí kò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ lè gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ sí yàrá ìdánwò tó ń yẹ oúnjẹ wò. Ìdánwò tí a lè ṣe nílé ìdáná náà wà: gàrí tó dára máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta nínú omi tútù.

Bí a ṣe ń jẹ́ kí ooru gàrí lọ lẹ́yìn yíyan kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹni tó ń di àpò má ṣe jẹ́ ẹni tó ń dúró kí iṣẹ́ parí kó lè lọ sílé, torí yóò di í ní gbígbóná, oru yóò sì sọ omi sínú àpò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tápólì tó mọ́, lókè ilẹ̀, jìnnà sí eruku ojú títì, kí ẹ di í ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́, àwọ̀ okùn, orúkọ ẹni tó fún un, ti ẹni tó yan án àti nọ́ńbà àpò sí. Bí oníbàárà bá dá àpò kan padà lẹ́yìn oṣù kan, ìwé yìí ni yóò sọ bóyá ọwọ́ ẹnì kan ni tàbí pé ọjọ́ náà ni gbogbo wa kánjú. Láìsí i, gbogbo alágbàṣe ni a óò máa fura sí, àwọn tó mọ iṣẹ́ ni yóò sì kọ́kọ́ lọ.

Bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ náà wà lára iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayan-gàrí ju ọ̀gá wọn lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ pe ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan èyí wò, ó jọ pé ó ṣì tutù." Yóò yan án padà láì bínú. Bí ẹ bá pariwo mọ́ ọn lójú àwọn ọmọdé, gàrí ọjọ́ náà yóò gbẹ, ṣùgbọ́n ó lè má padà wá mọ́, ẹni tuntun ni ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́.

Òfin náà ní ohun tó sọ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí a fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn rẹ̀ kó tó pé oṣù 3 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ni a óò fún un kí a tó dá a dúró, ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa kò yọ alágbàṣe sílẹ̀, ẹ̀rọ ìlọ̀ sì ti gé ìka púpọ̀. Ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́ńtírákítọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti máa ń ṣe, kí ó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ènìyàn kan náà ni yóò máa wá fún oṣù 3 ó kéré tán, kí kọ́ńtírákítọ̀ náà sì fara mọ́ ọn pé àpò tí a bá dá padà yóò kan òun náà.

Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ jókòó ti ìwé yẹn. Ẹ ka àpò tí a dá padà, àti àwọn tí ẹ tà ní ẹ̀dínwó torí wọn kò kúnná, tàbí torí wọn kò kan tó, kí ẹ ṣírò owó tó bá wọn lọ. Ẹ fi wé owó oṣù ẹnì kan síi fún oṣù 3 kan náà. Bí àdánù náà bá pọ̀ jù ú lọ, ẹ mú ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í sí níwájú àpò tó bàjẹ́, kí ẹ gbà á sí owó oṣù. Bí kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ètò náà wà bó ṣe wà, kí ẹ tún ṣírò rẹ̀ nígbà tí gbágùúdá bá wọ́n.