Hánẹ́ẹ̀sì tó gan: bí ẹ ṣe lè mú un rọ̀, àti ìgbà tí kò yẹ kí ẹ tún un ṣe mọ́

Wàhálà kan tó wọ́pọ̀ lára hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àwọn bẹ́líìtì ààbò tí a ń dì mọ́ èjìká, àyà àti itan kí ẹni tó bá já bọ́ láti òkè má balẹ̀, tí àwọn tó ń gun máàsì (òpó gíga tẹlifóònù), àwọn tó ń to sólà sórí òrùlé àti àwọn tó ń kun ilé alájà ń wọ̀ ni pé bẹ́líìtì rẹ̀ á gan, kò ní fẹ́ kọjá nínú irin ìdè. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ á fà á títí, á sú u, á wá fi bẹ́líìtì itan sílẹ̀ ní dídẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí onítọ̀hún bá já bọ́, bẹ́líìtì itan tó dẹ̀ á já wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbára, èyí tó wà láyà á sì sún lọ bá ọrùn. Nítorí náà, kí ẹ tó fà á tipátipá, ẹ wá ohun tó mú un gan.

Bó bá jẹ́ tuntun ni, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ gbé e kọ́, ẹ máa tẹ bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ sì máa fà á wọlé-jáde nínú ìdè nígbà bíi mélòó kan. Bí ẹ bá ṣe ń lò ó ni á máa rọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa ni eruku. Nígbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, eruku a máa wọ inú gbogbo nǹkan nílùú Ìlọrin, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo títí dé Òmù-Àrán mọ bí erùpẹ̀ pupa ṣe ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Òógùn á gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ á ṣẹ́kù, eruku á mú un. Kì í ṣe pé ó mú bẹ́líìtì gan nìkan o, yanrìn tó wọ inú fọ́nrán a máa gé e díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fà á. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kó tó kan omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ro ihò irin ìdè. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sínú báàfù ńlá. Omi náà kò gbọdọ̀ gbóná ju 30°C lọ. Omi kànga tí a fà láàárọ̀ dára púpọ̀. Ẹ fi kànìnkànìn rírọ̀ àti ọṣẹ tó tutù lára, irú èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọdé, fọ̀ ọ́ tẹ̀lé gígùn bẹ́líìtì. Ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù á tún mú un gan.

Ẹ ṣọ́ra fún ọṣẹ dúdú. Eérú ni wọ́n fi sè é, agbára eérú náà sì le jù fún okùn tí wọ́n fi hun bẹ́líìtì yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ìfọṣọ tó ń mú aṣọ funfun. Ẹ má sì fi kẹrosíìnì, bẹntiróòlù tàbí òróró kankan kàn án láti mú un yọ̀: eruku á lẹ̀ mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́líìtì sì lè máa yọ̀ kúrò nínú ìdè nígbà tó yẹ kó dì í mú.

Abẹ́ ìbòòji ni kó ti gbẹ, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kì í ṣe lórí páànù, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, òòrùn a máa jẹ okùn náà. Ó lè gbà tó ọjọ́ méjì. Kó gbẹ tán kí ẹ tó dì í sínú àpò.

Bó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì tàbí omi bátìrì ló kàn án, ẹ ka lébẹ̀lì rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ polyester sí lára, sìmẹ́ǹtì tútù ni ọ̀tá rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ polyamide tàbí nylon sí lára, ásíìdì bátìrì ni. Fífọ̀ kò lè dá agbára tó ti lọ padà, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹ gbé irú rẹ̀ tì.

Ó kù bí a ṣe ń fún un. Ọ̀pọ̀ hánẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní líle kò le, wọ́n ń fà á gba ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ẹ bá fa bẹ́líìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí rẹ̀ kan á ká nínú ìdè, á há. Ẹ jẹ́ kí ìwúwo kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ òsì ti bẹ́líìtì wọnú ìdè láti ẹ̀yìn, kí ọwọ́ ọ̀tún máa fa ẹnu rẹ̀ lọ tààrà.

Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni ẹ ń wọ̀ ọ́ fún, ẹ di òrùka ẹ̀yìn (irin tí a ń so okùn ààbò mọ́) mú, ẹ gbọn hánẹ́ẹ̀sì náà kí bẹ́líìtì gbogbo sọ̀ kalẹ̀, kó má lọ́. Èjìká ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà itan, kí ẹ tó kan àyà. Ẹ ní kó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹ ti ń fún ti itan. Àtẹ́lẹwọ́ tó nà pẹrẹsẹ gbọdọ̀ lè wọ àárín bẹ́líìtì àti itan, ẹ̀ṣẹ́ kò gbọdọ̀ lè wọ̀ ọ́. Òrùka ẹ̀yìn á wà láàárín eegun èjìká méjèèjì, bẹ́líìtì àyà á wà láàárín àyà, kó jìnnà sí ọrùn. Ó kéré tán, kí ẹnu bẹ́líìtì yọ jáde ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lẹ́yìn ìdè. Ẹ ní kó lóṣòó, kó gbé ọwọ́ sókè, kó rìn díẹ̀. Ohun tó bá fún un jù á hàn nílẹ̀.

Ẹ tún fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́líìtì mú, kí àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ká bíi U tí a dojú rẹ̀ dé. Fọ́nrán tó ti já á yọ síta níbi tó ká. Bí ẹ bá rí i, tàbí ibi tó le tó ń dán bí ohun tí iná rà, tàbí ọ̀dà tó ti gbẹ mọ́ ọn, tàbí rírán tó tú, irin tó sán, lébẹ̀lì tí kò ṣeé kà mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Èyí tó ti gba ẹni tó já bọ́ rí náà ti parí, bó tilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìdí kan náà ni kí ẹ má ra tòkunbọ̀, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ó ti gba ẹnìkan rí. Ẹ gé bẹ́líìtì rẹ̀ wẹ́wẹ́ kí ẹ tó dà á nù, torí ẹni tó bá ṣà á lórí ààtàn á rò pé ó ṣì dára, á sì wọ̀ ọ́ gun òkè.