Bí ẹ ṣe lè fi bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ tún àdúgbò ṣe

Iyán ni mò ń tà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí, ṣùgbọ́n ọdún kẹrin rèé tí ìdíje àwọn ọmọ àdúgbò wa ti wà lọ́wọ́ mi.

Ife kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Lọ́dún àkọ́kọ́, ife ńlá la rà, a háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, owó tán. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, gọ́tà iwájú ilé wa ṣì dí pa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Nairobi ló sọ fún mi nípa MYSA, ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mathare, àdúgbò kan ní Nairobi níbẹ̀, lọ́dún 1987: àwọn ọmọ tó bá kó ìdọ̀tí àdúgbò, máàkì wọn á lé sí i lórí tábìlì bọ́ọ̀lù. Ó wọ̀ mí lọ́kàn. Tiwa rèé: ẹni tó bá borí gba 3, ọ̀mì 1, gọ́tà tí wọ́n bá kó lọ́jọ́ Sátidé 2.

Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà o. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn gọ́tà, ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sétí gọ́tà. Òjò kan péré, gbogbo ẹ̀ ti padà sínú. Bárò ni kí wọ́n fi kó o lọ. Àwọn ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ibẹ̀ ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, torí imú wọn ló ń jìyà òórùn náà. Ẹgbẹ́ kan tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì fi gọ́tà wọ ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Kóòṣì kan gbéra wá: “Màmá, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ pè wá sí àbí gbálẹ̀gbálẹ̀?” Mo ní kó lọ mú ṣọ́bìrì tiẹ̀ wá.

Oṣù kẹjọ ló dáa jù: ọmọ ń sinmi, òjò náà ń sinmi díẹ̀. Kí àwọn ọmọbìnrin kọ́kọ́ gbá. Bí wọ́n bá kẹ́yìn, ilẹ̀ á ṣú, ìyá wọn á ti pè wọ́n wálé.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó ṣí rẹ́jísítà. “Ọmọ ọdún 14” kan fá irùngbọ̀n wá bá wa. Ẹ mú rẹfirí láti Adó, torí níbí, kò ní ṣàìjẹ́ àbúrò ìyá gólì. Ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ kó tó fọn fèrè.

Bí olóṣèlú bá ní òun fẹ́ fún yín ní jáásì tó ní fọ́tò òun, ẹ ní ṣọ́bìrì lẹ fẹ́. Mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi. Ẹni tó bá yá a á kọ orúkọ sílẹ̀. Ọ̀kan ti sọnù, mo sì mọ ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn.