Bí A Ṣe Ń Ṣèbẹ̀wò sí Àwọn Ilé àti Ilé Èrò Ayé Amúnisìn ní Amẹ́ríkà

Ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láti Massachusetts títí dé South Carolina, ọ̀pọ̀ ilé ṣì wà lórí ìdúró tí wọ́n ti kọ́ nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé àwọn ará ibẹ̀ lórí, kí wọ́n tó kéde òmìnira ní ọdún 1776. Púpọ̀ nínú wọn ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni lè sanwó wọ̀. Díẹ̀ nínú àwọn tó jẹ́ ilé èrò láyé ìgbà náà ṣì ń gbàlejò títí dòní, wọ́n ń ta oúnjẹ, wọ́n sì ń fún èrò ní yàrá tí yóò sùn. Ẹni tó bá kàn wọlé lásán yóò rí àga, yóò rí àwo, yóò rí àwòrán ara ògiri, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí owó òun ṣòfò gbọ́dọ̀ mú ìbéèrè méjì dání wọ ilé kọ̀ọ̀kan: èwo gan-an ló ti wà láti àtijọ́ nínú ohun tí mò ń wò yìí, ta sì ni ó ń ṣe iṣẹ́ ilé yìí nígbà náà?

Ẹ wádìí ọdún ilé kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n tẹ Jamestown dó ní Virginia ní ọdún 1607, nítorí náà ilé tí ẹ ń wá kò gbọ́dọ̀ kéré sí ọdún 1776 lọ́jọ́ orí. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kọ́ ilé tuntun tó fara jọ ti àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ìtura tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún ló sì kọ “Colonial” gàdàgbà sára pátákó wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ orúkọ àrà ìkọ́lé lásán. Ọdún ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí lẹ́tà “c.” níwájú ọdún náà, ó túmọ̀ sí pé ìfojúdá ni, kì í ṣe ohun tí ìwé fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ti àwọn ilé onígi, àwọn onímọ̀ máa ń ka òrùka inú igi láti mọ ọdún tí wọ́n gé e. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 1637 sí 1641 ni wọ́n kọ́ ilé ìdílé Fairbanks ní Dedham, Massachusetts, tó jẹ́ ilé onígi tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣì dúró ní Àríwá Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ọdún ara pátákó kì í sọ gbogbo ìtàn. Ilé èrò Raleigh Tavern ní Williamsburg, níbi tí àwọn aṣòfin Virginia ti lọ ń pàdé nígbà tí gómìnà tú ilé ìgbìmọ̀ wọn ká, jóná ní ọdún 1859. Èyí tí àlejò ń wọ̀ lónìí ni wọ́n tún kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní 1932. Fraunces Tavern ní New York, níbi tí George Washington, tó padà di ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, ti dágbére fún àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1783, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé gbígbé ní 1719, ṣùgbọ́n iná àti àtúnṣe ti yí i padà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú ìrísí tí wọ́n fún un ní 1907 jẹ́ ohun tí ayàwòrán-ilé fi ọkàn rò. Ilé èrò Wayside Inn ní Sudbury, Massachusetts, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàlejò ní ọdún 1716, jóná gan-an ní oṣù Kejìlá ọdún 1955, wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣí padà ní 1958. Èmi kò rí àbùkù kankan nínú àtúnkọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ fún àlejò. Ohun tó burú ni kí ènìyàn dúró níwájú pákó ọdún 1932 kó máa rò pé Washington fẹ̀yìn tì í. Ẹ béèrè ní tààrà pé: “Nínú yàrá yìí, apá wo ni kò tíì yí padà?” Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ yóò dùn sí ìbéèrè yìí, yóò sì fi òpó kan tàbí ààrò kan hàn yín.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ilé tí wọn kò tún ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ rárá, ẹ lọ sí Drayton Hall lẹ́bàá Charleston ní South Carolina. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n kọ́ ọ, wọn kò sì fa iná mànàmáná tàbí omi ẹ̀rọ wọ inú rẹ̀ rí. Kò sí àga, kò sí ibùsùn. Ilé nìkan ló wà níbẹ̀. Fún èmi, ilé òfìfo yẹn ń kọ́ni ju ogún yàrá tí wọ́n kó ẹrù oníwúrà sí lọ, nítorí pé ojú kò ní ohun mìíràn tí yóò máa wò ju iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́ ọ.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni àsìkò. Àjọ Historic New England, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, ní ọ̀pọ̀ ilé lábẹ́ àbójútó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í ṣí ju láti oṣù Kẹfà sí àárín oṣù Kẹwàá lọ, àwọn mìíràn sì ń ṣí ní ọjọ́ mélòó kan péré láàárín oṣù. Ẹ wo ìkànnì ilé náà, kí ẹ sì tún pè wọ́n lórí fóònù, nítorí pé ilé kéékèèké tí àwọn afínnúfíndọ̀ ń bójú tó lè tì pa nítorí pé ẹnì kan ṣàìsàn. Ní Mount Vernon, ilé Washington ní Virginia, aago kan pàtó ni wọ́n ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì fún wíwọ inú ilé ńlá. Ẹni tó bá pẹ́ dé lè pàdánù àyè rẹ̀. Ní Williamsburg, ẹnikẹ́ni lè rìn ní àwọn òpópónà àtijọ́ láìsan kọ́bọ̀, àfi tí ó bá fẹ́ wọ inú àwọn ilé ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tàbí tí orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ béèrè ṣáájú: àtẹ̀gùn àwọn ilé wọ̀nyí rí tóóró, ó sì ga ṣánṣán, nínú ọ̀pọ̀ wọn àwọn yàrá ìsàlẹ̀ nìkan ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ lè dé. Ẹ tún kíyè sí i pé pátákó National Register of Historic Places, ètò àkọsílẹ̀ àwọn ibi ìtàn tí òfin ọdún 1966 gbé kalẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ilé náà ṣí fún àlejò. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń gbé. Ẹ dúró ní ojú títì kí ẹ wò ó, ẹ má ṣe kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tàbí kí ẹ gbé e sí iwájú, má ṣe wọ bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó tó lè gún pákó ilẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun láìgbàṣẹ, nítorí pé òógùn ọwọ́ ń ba igi àti aṣọ jẹ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n gba fọ́tò láàyè. Níbi tí wọ́n bá gbà á, ẹ pa iná kámẹ́rà.

Kíka ilé fúnra rẹ̀ ni adùn iṣẹ́ yìí, láti ìta ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní apá àríwá tí òtútù ti ń mú gan-an, ọ̀nà èéfín kan ńlá máa ń wà láàárín ilé kí ooru rẹ̀ lè dé yàrá gbogbo. Ní apá gúúsù, wọ́n ń kọ́ ọ sí ìpẹ̀kun ilé méjèèjì, ilé ìdáná sì máa ń dá dúró lẹ́yìnkùlé nítorí ooru àti ìbẹ̀rù iná. Bí òrùlé ẹ̀yìn bá gùn wálẹ̀ ju ti iwájú lọ, ẹ béèrè bóyá yàrá tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn ló fà á. Ẹ wo ìṣó: kí ọdún 1790 tó dé, alágbẹ̀dẹ ló ń fi òòlù lu ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí wọn kì í sì í dọ́gba. Ẹ wo bí pákó ilẹ̀ ti fẹ̀ tó, ẹ sì rántí pé ìwé àṣẹ Massachusetts ti ọdún 1691 ti fi gbogbo igi páìnì tí ìbú rẹ̀ bá tó íńṣì 24 pamọ́ fún òpó ọkọ̀ ojú omi ọba, àfi àwọn tó bá wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fún ẹnì kan ṣáájú ìgbà náà. Ní Mount Vernon, ẹ sún mọ́ ògiri ìta dáadáa. Láti òkèèrè, òkúta gbígbẹ́ ni. Nígbà tí ẹ bá dé ìtòsí, ẹ ó rí i pé pákó ni, tí wọ́n gé etí rẹ̀ kí ó lè jọ òkúta, tí wọ́n kùn, tí wọ́n sì da iyanrìn lu ọ̀dà náà nígbà tí kò tíì gbẹ. Hóró iyanrìn yẹn ṣì hàn kedere.

Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù. Ilé ńlá kì í gbọ́ ti ara rẹ̀. Ẹnì kan ló ń pọn omi, tó ń la igi, tó ń jí dáná kí ilẹ̀ tó mọ́, ní ọ̀pọ̀ àwọn ilé wọ̀nyí ẹrú sì ni ẹni náà, ìbáà jẹ́ gúúsù tàbí àríwá. Ẹ má ṣe parí ìbẹ̀wò yín sí yàrá ìgbàlejò. Ẹ béèrè ilé ìdáná, ẹ béèrè òkè àjà, ẹ béèrè ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn, ẹ sì béèrè orúkọ wọn. Ní Medford, Massachusetts, ilé ìdílé Royall ṣì ní ilé tí àwọn ẹrú ń gbé lẹ́yìn ilé ńlá, òun nìkan ṣoṣo ni irú ilé ẹrú adádúró bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní àwọn ìpínlẹ̀ apá àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Isaac Royall kó ìdílé rẹ̀ àti àwọn ẹrú rẹ̀ wá síbẹ̀ láti Antigua ní 1737. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi sìn níbẹ̀ ni Belinda, tí wọ́n jí gbé ní Áfíríkà nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí ọmọ Royall tó jogún ilé náà ti sá lọ nítorí ogun òmìnira, obìnrin yìí kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts ní ọdún 1783 pé kí wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì fún òun láti inú dúkìá tí iṣẹ́ òun wà lára ohun tó mú un pọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 12 lọ́dọọdún. Owó náà kò wá déédéé, ó sì ní láti padà lọ bẹ̀bẹ̀ léraléra. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí kò ní wo àwọn àwo tánganran inú ilé ńlá náà pẹ̀lú ojú kan náà mọ́.

Ní Mount Vernon, ẹrú 317 ló wà lórí ilẹ̀ náà ní ọdún 1799 tí Washington kú; ẹ rìn dé ìtẹ́ òkú wọn àti ibi ìrántí wọn tó wà nítòsí sàréè rẹ̀. Ní Williamsburg, ẹ wá ilé Bray School, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti òmìnira, ní ìwé kíkà ní àwọn ọdún 1760. Ilé náà ti pòórá nínú ìrántí ènìyàn títí tí wọ́n fi dá a mọ̀ ní ọdún 2020, tí wọ́n sì gbé e lọ sí àárín ìlú àtijọ́ náà ní 2023.

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdáhùn ni kí ẹ gbé mì. Wọ́n lè sọ fún yín pé àwọn ará ìgbà náà kì í kọ́ kọ́ńbọ́ọ̀dù sínú ògiri nítorí owó orí tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀. Kò sí irú owó orí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ibùsùn kúrú nítorí pé ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Ibùsùn náà kàn dà bí ẹni kúrú ni, nítorí òpó gíga àti aṣọ títa tó yí i ká. Bí wọ́n bá sì sọ pé Washington sùn níbẹ̀, ẹ béèrè ìwé tó jẹ́rìí sí i.

Ó ku ti àwọn ilé èrò. Láyé ìgbà náà, ìjọba ló ń fún olúwa ilé ní ìwé àṣẹ, èrò tí kò mọ ara wọn rí sì máa ń sùn lórí ibùsùn kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1776, ilé èrò kún ní New Brunswick, New Jersey, débi pé John Adams àti Benjamin Franklin, méjì nínú àwọn aṣáájú tó fọwọ́ sí ìkéde òmìnira, ní láti pín ibùsùn kan nínú yàrá kékeré tó ní fèrèsé kan ṣoṣo. Adams tì í nítorí ẹ̀rù afẹ́fẹ́ òru. Franklin ní kó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé èrò rẹ̀ nípa ohun tó ń fa ọ̀fìnkìn, àlàyé náà ni Adams ń gbọ́ lọ́wọ́ tó fi sùn lọ.

Lónìí ẹ ó dá ní yàrá tiyín, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá inú ilé àtijọ́ ni yàrá náà wà tàbí inú èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, bóyá balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti àtẹ̀gùn mélòó ni ẹ ó gbé ẹrù gùn, nítorí pé ẹ̀rọ agbéniròkè kì í sábà sí. Pákó àtijọ́ máa ń dún, ẹ ó sì gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lókè. Bí oorun yín bá fúyẹ́, ẹ tọrọ yàrá òkè pátápátá. Iye tí wọ́n kọ síta kì í sábà ní owó orí nínú, nítorí náà ẹ béèrè àpapọ̀ rẹ̀ ní dọ́là àti bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Oṣù Kẹwàá tí ewé igi ń pọ́n ni èrò máa ń pọ̀ jù ní New England, ẹ sì ní láti gba yàrá ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ẹni tí kò bá lè san owó yàrá lè jẹun lásán: White Horse Tavern ní Newport, Rhode Island, tó di ilé ọtí ní 1673, ṣì ń ta oúnjẹ lónìí. Ẹ fi ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó oúnjẹ kún un fún ẹni tó gbé e wá, nítorí pé lórí owó yẹn ni ó gbójú lé. Ẹ gbìyànjú láti dé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, kí ẹ sì bẹ olùtọ́jú ilé kó mú yín wo àwọn yàrá tó ti pẹ́ jù lọ kí àwọn onjẹun tó kún ibẹ̀.